Bí A Ṣe Ń Wo Rélùwéè, Tí A sì Ń Ka Ìtàn Rẹ̀, láti Ìddó dé Ìbàdàn

Ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ mọ ìtàn rélùwéè ilẹ̀ wa. Kò sóhun tó burú nínú wíwọ ọkọ̀, èmi gan-an fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ kì í rí ọkọ̀ tó wọ̀, kì í sì í rí irin tó ń gbé e lọ. Igbó àti òrùlé páànù ló máa rí lójú fèrèsé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúró nílẹ̀ ná.

Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama l'Ékòó, mo sì máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wo ojú irin, láti Èbúté Mẹ́ta títí lọ sí Abẹ́òkúta, nígbà mìíràn a máa ń dé Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Gáàdì, ló kọ́ mi bí a ṣe ń wò ó. Iṣẹ́ gáàdì ni bàbá náà ṣe lórí rélùwéè títí tó fi fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára irin bí a bá jọ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Ìwé ni mo ti rí àwọn ọdún àti iye tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti rí ojú tí mo fi ń wò.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú ni pé ọ̀nà irin méjì ló wà láàárín Èkó àti Ìbàdàn, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ìjọba àwọn òyìnbó là, tí Gómìnà William MacGregor ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 1901. Èkejì ni èyí tí ilé iṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà kọ́, tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. Ọgọ́fà ọdún ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá lè fojú ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì, ìtàn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́.

Bí ẹ ṣe máa fojú mọ irin

Ẹ wo ìbú rẹ̀. Láti inú irin kan dé inú èkejì, irin àtijọ́ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀, ìyẹn mílímítà 1,067. Tuntun jẹ́ mílímítà 1,435. Lójú àwòrán, ìyàtọ̀ yẹn lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró níbi tí àwọn méjèèjì ti sún mọ́ra, ojú yín máa gbé e kíá: ọ̀kan dà bí ẹni tó pa ẹsẹ̀ pọ̀, èkejì yàkàtà. Owó ló jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ tóóró. Irin tóóró lè ṣẹ́ kọ́nà tó mú, ó lè yí òkè po dípò kí wọ́n gé òkè náà, ilẹ̀ tí wọ́n máa tẹ́ fún un kò sì pọ̀. Ẹ̀pà, kòkó, èkùrọ́ àti òwú ni àwọn tó là á ń rò, wọn ò ro bí èrò ṣe máa yára dé ibi tó ń lọ.

Lẹ́yìn ìbú, ẹ wo àwọn ìdábùú tí irin jókòó lé. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, igi ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é láyé ìgbà náà. Nílẹ̀ wa, ikán kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìdábùú irin, tí wọ́n tẹ̀ bí àwo tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀, ni wọ́n gbé wá, ẹ ó sì ṣì rí ọ̀pọ̀ rẹ̀ lára ọ̀nà àtijọ́, tó ti dípẹtà tó pọ́n bí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kọnkéré ni ti ọ̀nà tuntun, ó funfun, ó tò gbọnrangandan, òkúta tí wọ́n dà sí i lẹ́sẹ̀ sì pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ dáadáa.

Etí náà ń kàwé. Kúkúrú kúkúrú ni wọ́n ṣe irin àtijọ́, wọ́n wá fi bóòtù so wọ́n pọ̀, wọ́n sì fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ níbi ìsopọ̀ kí irin lè ráyè gùn sí i nígbà tí oòrùn bá mú. Bí táyà ọkọ̀ bá ń fo àlàfo yẹn ni ẹ ń gbọ́ kàtàkàtà, kàtàkàtà tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe àfarawé rélùwéè. Ìró yẹn kò sí lórí irin tuntun, nítorí wọ́n ti jó àwọn ojú ìsopọ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Ó kàn máa wá bí atẹ́gùn ni, ṣìììì, ó sì ti kọjá lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ mi: ọkọ̀ tuntun kì í kéde ara rẹ̀ bíi ti àtijọ́. Bàbá Gáàdì ní tirẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ní ọkọ̀ tí kò bá ń pariwo, ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí. Lára irin, ní ìhà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ sábà máa ń tẹ orúkọ rẹ̀ àti ọdún tó rọ ọ́ sí i, lẹ́tà rẹ̀ á yọ síta. Bí wọ́n bá tú irin àtijọ́ sílẹ̀, tí wọ́n kó o jọ sí ọgbà tí ẹ gba àṣẹ láti wọ̀, ẹ fi ọwọ́ nu eruku rẹ̀ kúrò, kí ẹ wò ó. Mo ti rí àwọn ọmọ ilé ìwé tí kò bìkítà fún ìtàn rí tí wọ́n wá ń sáré láti irin kan sí èkejì, wọ́n ń dupò ẹni tó máa rí ọdún tó lọ jìnnà jù. Ẹ má ṣe é lórí irin tí ọkọ̀ ń gbà o.

Ìddó àti Èbúté Mẹ́ta

Ibi tó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni Ìddó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èrò níbẹ̀ mọ́ bíi ti àtijọ́. Ẹ dúró kí ẹ wo bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Erékùṣù ni Ìddó tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kò kọjá ibẹ̀ wọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ibẹ̀ ló ti ń já èrò àti ẹrù sílẹ̀. Afárá Carter ló so Ìddó mọ́ Èkó, afárá Denton ló so ó mọ́ Èbúté Mẹ́ta, orúkọ àwọn aláṣẹ ìjọba òyìnbó ló sì wà lára àwọn méjèèjì. Láti 1902 títí di 1933, táráàmù kékeré kan tó ń lo ooru omi gbígbóná ló ń gba orí afárá Carter láti Ìddó wọ àárín Èkó, èrò ló sì kọ́kọ́ ń kó. Táráàmù yẹn ní iṣẹ́ kejì tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ rántí: òun ló ń kó ìgbẹ́ ìlú. Bí mo bá dé ibi yìí nínú ọ̀rọ̀ mi, kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, mo sì máa ń fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, nítorí wọn kì í gbàgbé 1933 mọ́ láéláé.

Láti Ìddó, ẹ wá sí Èbúté Mẹ́ta. Bí ọjọ́ kan ṣoṣo ni ẹ ní, ibẹ̀ ni kí ẹ lò ó tán sí. Olú ilé iṣẹ́ Nigerian Railway Corporation wà níbẹ̀, wọ́kíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún injìn àti kóòṣì ṣe wà níbẹ̀, ilé àwọn òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, ibùdókọ̀ tuntun náà sì wà níbẹ̀. Nínú ọgbà rélùwéè yìí ni ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Jaekel House, ilé alájà tí wọ́n kọ́ ní 1898, tó ní igi àti bárándà gbọọrọ. Ilé ọ̀gá rélùwéè ni nígbà kan. Ẹgbẹ́ Legacy, àwọn tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, ló tún un ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ Francis Jaekel, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó kọ ìtàn ilé iṣẹ́ náà. Àwọn fọ́tò àti irinṣẹ́ àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní géètì, ẹ kí àwọn tó wà níbẹ̀ dáadáa, ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe. Ẹni tó bá yọ kámẹ́rà kó tó kí ènìyàn máa padà sílé láìrí nǹkan kan.

Ẹ má yára níwájú àwọn fọ́tò yẹn. Ẹ máa wo ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nínú àwòrán: ta ló wọ bàtà, ta ni kò wọ̀. Ẹ wo ẹni tó jókòó àti ẹni tó dúró. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jáde síta, kí ẹ wo òdì kejì níbi tí àwọn wọ́kíṣọ́ọ̀bù wà, kí ẹ sì rántí Michael Imoudu. Òṣìṣẹ́ nínú wọ́kíṣọ́ọ̀bù rélùwéè ni. Ní 1941 ó ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè lọ bá Gómìnà Bourdillon nílé ìjọba lórí ọ̀rọ̀ owó oṣù wọn àti bí wọ́n ṣe ń fi wákàtí san owó fún wọn bí alágbàṣe. Ní 1943 ìjọba mú un kúrò l'Ékòó, wọ́n tì í mọ́lé. Ó padà wá ní oṣù Kẹfà 1945, oṣù yẹn náà sì ni ìyanṣẹ́lódì gbogbogbò bẹ́ sílẹ̀, tó ju oṣù kan lọ kó tó rọlẹ̀. Bí ọkọ̀ kò bá lọ, ẹrù kò lọ. Bí ẹrù kò bá lọ, ìjọba kò ní owó. Àwọn tó fi irin wọ ilẹ̀ wa kó ọjà kò rò ó rí pé àwọn tó ń tọ́jú irin náà lè fi dá wọn dúró.

Ibùdókọ̀ tuntun tó wà ní Alágómejì ń jẹ́ Mobolaji Johnson, gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ilé ńlá ni, àwọn òpó rẹ̀ ga, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán. Mi ò ní purọ́, ó wù mí lójú. Ẹ wọlé bí ẹni tó fẹ́ wọkọ̀, ẹ sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní pátífọ́ọ̀mù pé ìwòran lẹ wá ṣe. Ọjọ́ mìíràn wọ́n á gbà, ọjọ́ mìíràn wọ́n á ní kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà tó rọrùn jù fún mi ni kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì dé Agége, kí n tètè dé, kí n wá fi àkókò tó ṣẹ́kù wo bí wọ́n ṣe ń já injìn kúrò níwájú tí wọ́n sì ń so ó mọ́ òdì kejì. Ìsopọ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ wò. Ẹ wo ẹni tó ń fọwọ́ júwe fún awakọ̀, ẹ wo bí ó ṣe dúró síbi tí awakọ̀ lè rí i, ẹ wo bí irin méjì ṣe máa gbá ara wọn mú, kọ̀, tí ọkùnrin náà á sì tún tẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbọ́wọ́ sókè. Iṣẹ́ tó wà láti 1901 nìyẹn, kò yí padà tó bí ilé náà ṣe yí padà.

Ibi tí ó dára láti dúró

Afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni. Mi ò mọ ibi mìíràn tó dára jù ú lọ. Láti Ọ̀yìngbò dé Agbádo, afárá tí ènìyàn fi ń sọdá irin ti pọ̀ báyìí nítorí ọkọ̀ Red Line ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ṣí ní 29 oṣù Kejì 2024, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Ibùdó rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ: Ọ̀yìngbò, Yábà, Múṣin, Òṣòdì, Ìkẹjà, Agége, Ìjú, Agbádo. Àwọn afárá mọ́tò náà wà ní Yábà àti Ìkẹjà, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò tó ń sáré kó máa wo rélùwéè. Láti òkè afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni ẹ ti máa rí orí kóòṣì, níbi tí kì í hàn sí ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Bí ọkọ̀ Red Line bá ń bọ̀, ẹ ka àwọn kóòṣì rẹ̀. Kúkúrú ni wọ́n, wọn kò ga, àárín kóòṣì kan sí èkejì ni táyà wọn sì wà, kò sí lábẹ́ kóòṣì bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ Talgo ti ilẹ̀ Sípéènì nìyẹn. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe àwọn ọkọ̀ yìí fún; nígbà tí ìjọba tuntun gorí àléfà níbẹ̀, wọ́n fagi lé iṣẹ́ náà, àwọn ọkọ̀ wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí tí Èkó fi rà wọ́n. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ yìnyín ló ń gba Òṣòdì kọjá báyìí. Ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn yàtọ̀ pátápátá: ilẹ̀ Ṣáínà ni injìn àti kóòṣì rẹ̀ ti wá, ó ga, ó gùn, ó sì wúwo. Irin kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà, nítorí náà ẹ máa rí wọn níbì kan náà bí ẹ bá ní sùúrù. Láàárín wọn ni ọkọ̀ ẹrù á ti máa wá, kọntéénà tó ń bọ̀ láti èbúté Àpápá lọ sí Mọ́níyà. Ti ẹrù ni mo fẹ́ràn jù. Èrò lè yí ọkàn padà kó wọ mọ́tò, ṣùgbọ́n kọntéénà lórí irin máa ń sọ òtítọ́ nípa ohun tí ìlú ń rà.

Fún ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò: irin yìí dorí kọ àríwá díẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn láti Èbúté Mẹ́ta lọ sí Agége. Bí ó bá jẹ́ àárọ̀, ẹ dúró sí ìhà ìlà oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sára ọkọ̀. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ bọ́ sí òdì kejì. Ọ̀sán gangan kò dára fún ohunkóhun. Ìgbà ọyẹ́, eruku á bo gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n iná orí injìn á yọ láti ọ̀nà jíjìn bí òṣùpá pupa, àwọn kan tilẹ̀ máa ń dúró de àkókò yẹn. Èmi fẹ́ràn lẹ́yìn òjò, nígbà tí afẹ́fẹ́ ti mọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ojú irin kì í ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa rí ẹni tó pàtẹ tòmátì sórí rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kò lè yà, kò sì lè dúró lójijì. Nígbà tí awakọ̀ bá rí yín tó sì tẹ bíréèkì, ó ti pẹ́. Ní 9 oṣù Kẹta 2023, bọ́ọ̀sì tó gbé òṣìṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọdá irin ní PWD, lágbègbè Ìkẹjà, nígbà tí ọkọ̀ ń bọ̀. Ènìyàn mẹ́fà kú. Mo máa ń dá àwọn ọmọ ilé ìwé mi dúró ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí irin, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ kò tún ní bá wa jáde mọ́. Ẹ má fi ohun tí ẹ fi ń gbọ́ orin sí etí méjèèjì. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ sáàárín irin níbi tó ti ń pínyà, nítorí òṣìṣẹ́ tó jókòó síbi tí ẹ kò rí i lè yí i, á sì há ẹsẹ̀ yín mọ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ kan bá sì ti kọjá, ẹ dúró ná, kí ẹ wo òdì kejì; ojú irin méjì ló wà lórí ọ̀nà tuntun, ọkọ̀ mìíràn lè máa bọ̀ lórí èkejì láìjẹ́ kí ẹ gbọ́.

Abẹ́òkúta, níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti pínyà

Ní báyìí, ẹ lè ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ jókòó ti fèrèsé, kí ẹ máa wo ilẹ̀. Láti Èkó lọ, ilẹ̀ tẹ́jú, ó rọ̀, àbàtà ń yọjú. Ní agbègbè Ewékorò, ẹ máa rí ilẹ̀ funfun àti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Òkúta ẹfun abẹ́ ilẹ̀ yẹn ló pè é wá síbẹ̀. Bí ẹ bá súnmọ́ Abẹ́òkúta, àpáta bẹ̀rẹ̀, kò sì ní tán mọ́ títí dé Ìbàdàn.

Ibùdókọ̀ tuntun fún Abẹ́òkúta wà ní Láderin, ní ẹ̀yìn ìlú, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ Wole Soyinka. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ wá ọkọ̀ lọ sí Láfẹ́nwá, níbi tí ibùdókọ̀ àtijọ́ wà. Ìrìn àjò yẹn ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Ní Láfẹ́nwá, ọjà ti rọ̀ mọ́ irin débi pé ènìyàn kò mọ èyí tó kọ́kọ́ débẹ̀. Ní Láderin, ẹ máa rí ilé ńlá, gbàgede, ọlọ́kadà, ìwọ̀nba ènìyàn tó ń tajà. Ọ̀nà àtijọ́ ń wá ibi tí ẹrù wà. Ọ̀nà tuntun ń wá ibi tí ilẹ̀ ti gba irin títọ́, tí kò sì ní wó ilé púpọ̀. Mi ò sọ pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ta gaàrí ní Láfẹ́nwá kò jàǹfààní ibùdókọ̀ Láderin, ìyẹn dá mi lójú.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé nígbà tí irin gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá, Ẹ̀gbá ṣì ń ṣe ìjọba ara wọn. Egba United Government, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1898, kò dópin títí di 1914. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àdéhùn ni wọ́n fi gba ọ̀nà náà kọjá, kì í ṣe àṣẹ nìkan. Kí wọ́n tó dé, orí aláàárù àti ọkọ̀ ojú omi lórí odò Ògùn ni ẹrù Abẹ́òkúta fi ń dé Èkó. Kírìjì àti àwọn ogun tó yí i ká sì ti dí ọ̀nà òkè fún ọ̀pọ̀ ọdún. 1893 ni àlàáfíà tó dé tán. Rélùwéè bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́ sígbà náà. Kì í ṣe pé ó kàn bọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò Èkó ti ń pariwo pé kí ọ̀nà ṣí, kí ẹrù máa sọ̀ kalẹ̀.

Ìbàdàn, àti àwọn ìlú tí irin yẹ̀ sílẹ̀

Bí ẹ bá dé Mọ́níyà, ẹ máa rí ibùdókọ̀ Obafemi Awolowo. Ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ ọ̀nà tuntun ló ń jẹ́ orúkọ olóṣèlú àti gbajúmọ̀, tí orúkọ ìlú ò sì hàn dáadáa. Èrò kò dá a mọ̀. “Mọ́níyà” àti “Agége” ni wọ́n ń sọ fún ọlọ́kadà. Ọ̀kan nínú wọn bá mi lára mu, ìyẹn ti Ladoke Akintola ní Òmì-Àdìó, nítorí Akíntọ́lá ṣiṣẹ́ ní rélùwéè fúngbà díẹ̀ kó tó di oníròyìn àti agbẹjọ́rò. Mi ò mọ̀ bóyá ẹni tó yan orúkọ náà mọ̀.

Láti Mọ́níyà ẹ wọ mọ́tò lọ sí Dùgbẹ̀. Ọ̀nà jìn, gòsílóò á sì dá yín dúró, ẹ fi sùúrù gbà á. Ibùdókọ̀ àtijọ́ wà láàárín ìlú, ẹ sì wo ohun tó yí i ká: ọjà Dùgbẹ̀, àwọn ilé ìtajà àtijọ́ lápá Gbági tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó kọ́ lẹ́yìn tí irin dé, Ilé Kòkó tí wọ́n ṣí ní 1965. Ìbàdàn tí àwọn jagunjagun tẹ̀ dó wà lókè, ní Màpó àti Òjé. Ìbàdàn tí irin tẹ̀ dó wà nísàlẹ̀, ní Dùgbẹ̀. Ẹ fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì, bí ara yín bá gbà á, ẹ máa rí i bí òrùlé ṣe ń yí padà.

Lẹ́yìn Ìbàdàn, ọ̀nà àtijọ́ gba Lálúpọn àti Ẹdẹ kọjá, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ìkìrun àti Ọ̀ffà lọ sí Ìlọrin, ó dé Jẹ́bà létí odò Ọya ní 1909. Lẹ́yìn náà wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ọ̀nà tó ti Bárò lọ sí Kánò, ní 1912 ni wọ́n sì da àwọn méjèèjì pọ̀ di Nigerian Railway. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, ẹ mú máàpù, kí ẹ wo àwọn ìlú tí irin kò débẹ̀: Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìjẹ̀bú-Òde, gbogbo Èkìtì. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo fẹ́ràn jù lọ láti fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nìyẹn: kí wọ́n wá ẹni àgbà kan láti ìlú tí irin dé, kí wọ́n wá ẹlòmíràn láti ìlú tí irin kò dé, kí wọ́n bi wọ́n pé kí ni ìyá wọn ń tà, ta ló sì ń rà á. Ìdáhùn kì í bá ara mu.

Ohun tí ẹ máa kọ sínú ìwé yín kò pọ̀. Ọjọ́, ibi tí ẹ dúró, aago tí ọkọ̀ kọjá, ọ̀nà tó ń lọ, nọ́ńbà injìn tó wà níwájú rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, iye kóòṣì tàbí wágúnù, ohun tó gbé. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ àtijọ́, ẹ fi àmì sí i, nítorí kì í wá déédéé mọ́, ẹni tó bá rí i ní ohun tó máa fi han ẹlòmíràn. Àkókò ọkọ̀ máa ń yí padà, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ stéṣọ̀n másítà ní ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń ta omi ní géètì. Bí ẹ bá bá òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì pàdé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún. Wọ́n á gbàgbé ọdún, wọ́n á sì ro pé wọn kò mọ nǹkan kan. Ẹ bi wọ́n pé ibùdókọ̀ wo ni oúnjẹ ti dùn jù. Bàbá Gáàdì lè máa sọ ti Ọ̀ffà fún wákàtí kan láìmí, kó tó parí ẹ ti mọ iye kóòṣì tó wà, ẹni tó ń jókòó sí kíláàsì kìíní, àti ibi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti òdì kejì nítorí irin kan ṣoṣo ló wà. Ẹ gbé ohun ìgbohùnsílẹ̀ sórí tábìlì, kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ẹ ti tàn án.